Ẹ Má Gba Bàbá Lọ́wọ́ Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tẹ́ ẹ wà nídìí igbá ní Ọjà'ba, Ìbàdàn níbí, ọjà á tà o, ajé á wọgbá. Ẹ̀yin awakọ̀ takisí Máíkírà tẹ́ ẹ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Bẹẹrẹ, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tẹ́ ẹ gbé rédíò sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ọ̀rọ̀ yín ni mo wá sọ lónìí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ pe àwọn ọmọ yín kí wọ́n wá jókòó tì yín, torí àwọn gan-an ni màá bá wí.

Kí lọ̀rọ̀ ọ̀hún? Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ tí ènìyàn ti ní láti kékeré, tí àwọn méjèèjì sì jọ darúgbó. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ni irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún àgbàlagbà, tí ọmọ ò lè ṣe, tí owó ò lè ṣe, tí dókítà náà ò lè ṣe?

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, wọn ò sì purọ́. Èyí á relé ọkọ, èyí á gba Èkó lọ, èyí á wọ oko kòkó lọ bí ẹní lọ jókòó síbẹ̀. Ikú náà á mú tirẹ̀. Àmọ́ òwe yẹn ò sọ pé méjì nínú ogún náà ò lè ṣeré gba ọgọ́rin ọdún. Wọ́n wà. Ẹ rìn dé Bẹ́yẹrúnkà, ẹ rìn yí ẹ̀yìn Mápó ká, ẹ wọ inú agbo ilé lọ, ẹ ó rí wọn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé wọn lọ sílé kéú, wọ́n jọ di wàláà mú, wọ́n jọ jẹ pàṣán àáfà. Nígbà tí wọ́n fẹ́yàwó tán, ilé tí wọ́n bí wọn sí náà ni wọ́n gbé ìyàwó wá. Wọn ò yan ara wọn lọ́rẹ̀ẹ́ rárá, agbo ilé ló yàn wọ́n.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe fún ara wọn? Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun kékeré kan. Bí ènìyàn bá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sí ẹni tó tún ń fi ẹnu lásán pè é mọ́. Gbogbo ayé ń pè é ní Bàbá. Ọmọ ń kí i lórí ìdọ̀bálẹ̀, ìyàwó ọmọ ń kúnlẹ̀, nọ́ọ̀sì ń sọ pé "Bàbá, ẹ la ẹnu." Ó dára bẹ́ẹ̀, ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ta ló kù tó lè pe bàbá náà ní "ìwọ"? Ta ló kù tó mọ orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é nígbà tó ń sáré kiri láìwọ ṣòkòtò? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ni. Ẹ fetí sí àwọn méjì bí wọ́n ti ń ta ayò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀:

"Ìwọ yìí, jókòó dáadáa. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo jí ẹja nínú ọbẹ̀ ìyá mi?"

"Irọ́ ńlá! Ẹ̀gbọ́n ẹ ló jí i. Egungun ẹ̀ lásán ló kàn mí."

"Ìwọ lo mọ̀. Ìyá mi ò gbà pé egungun lásán ni títí tó fi kú."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé wọn. Ọmọ tó ń kọjá lọ ò ní mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹja tí wọ́n jẹ ṣáájú kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni wọ́n ṣì ń torí ẹ̀ jà! Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀sẹ̀, ìgbà yẹn nìkan ni bàbá náà kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ ló jẹ́. Ohun tí mo ń bi yín nìyẹn: ọmọ wo ló lè ṣe ìyẹn fún bàbá rẹ̀? Kò sí, nítorí ọmọ ò gbọdọ̀ pe bàbá rẹ̀ lólè, kódà nínú eré.

Ẹ tún wo ìhà kejì. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí wọn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú ni wọ́n fi ń kà á. Àwọn ìran tó ti lọ máa ń sọ pé àwọn ti tó gbé omi lórí nígbà tí ajẹ́lẹ̀ Ross ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní 1929. Àwọn mìíràn nínú wọn á ní ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú jà ni wọ́n bí àwọn, ìyẹn 1918. Àwọn tó kù láyé lónìí ń ka tiwọn láti ọjọ́ ikú Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, ní oṣù kẹta 1958, tàbí láti ìgbà tí mọ́tò yí ọwọ́ padà lójú títì ní 1972, tàbí láti ọjọ́ tí omi odò Ògùnpa yalé ní ìparí oṣù kẹjọ 1980. Ìyá kan á sọ pé, "Mo ti lóyún àkọ́bí nígbà tí Adélabú kú." Ìyá kejì á dá a dúró: "O ò tíì lóyún. Èmi àti ìwọ la jọ sá wọlé lọ́jọ́ tí ìlú dàrú yẹn. Ikùn rẹ pẹlẹbẹ ni." Ṣé ẹ rí i? Ẹnìkejì ló tún ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ ṣe fún un. Bí ìyá kejì yẹn ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Irọ́ á di òtítọ́ nìyẹn, kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Ohun tí mo wá sọ lónìí nìyí, ẹ jẹ́ n tún un sọ kó lè yé wa. Ìrántí àgbàlagbà kì í ṣe nǹkan tó dá wà nínú orí rẹ̀ nìkan. Ìdajì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé bàbá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìdajì orí bàbá lẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹnìkan lè ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lèyí. Ẹ̀rí dà?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìdíkàn.

Àárín ìlú Ìbàdàn níbí náà ni Ìdíkàn wà. Ní 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan níbẹ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntòkun, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká oníṣègùn ọpọlọ, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà níbẹ̀, Dókítà Hugh Hendrie sì ń darí ti ọ̀hún. Kí ni wọ́n ń wá? Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàlagbà Yorùbá ń ṣàrán tó àwọn ènìyàn dúdú tó ń gbé ní ìlú Indianapolis. Wọ́n wọ ojúlé dé ojúlé, wọ́n bá àwọn ẹni ọdún 65 sókè sọ̀rọ̀, iye wọn lé ní 2,000 níhìn-ín, ó sì lé ní 2,000 lọ́hùn-ún. Wọ́n ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2001, ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu: bí àrùn ìgbàgbé ti ń mú àwọn àgbà lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, kò tó ìdajì ti Indianapolis.

Ṣé ọ̀rẹ́ ló fà á? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà náà ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ àti ohun tí ènìyàn jogún nínú ara ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ayò ọlọ́pọ́n ń wo àrùn ìgbàgbé, ẹ di owó yín mú.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣiṣẹ́ náà ló wọ̀ mí lọ́kàn ju èsì rẹ̀ lọ. Àkọ́kọ́, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ẹnìkan ti pé ọdún 65, nígbà tí kò ní ìwé? Àwọn ohun mánigbàgbé tó ti ṣẹlẹ̀ nílùú ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìkejì, bí wọ́n bá ti bi àgbàlagbà ní ìbéèrè tán, iṣẹ́ ò tíì parí. Wọ́n á tún jókòó ti ẹlòmíràn tó sún mọ́ ọn, wọ́n á bi í pé: ṣé ó ṣì ń rántí nǹkan bíi ti tẹ́lẹ̀? Ṣé ìwà rẹ̀ ò tíì yí padà? Yunifásítì méjì ò gbà pé ẹnu ẹnìkan ṣoṣo tó láti fi mọ ohun tó wà nínú orí rẹ̀. Wọ́n wá ẹlẹ́rìí. Ohun tí mo ń sọ látàárọ̀ náà nìyẹn.

Ìwádìí kejì tún wà, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ni wọ́n lọ, wọ́n sì bá àwọn ẹni ọdún 65 sókè tí wọ́n lé ní 2,000 sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n bi wọ́n ni bí ayé ṣe rí lára wọn. Kí ló ń jẹ́ kí ayé dùn mọ́ àgbà? Ẹ ò bá rò pé owó ni, tàbí ìlera. Àwọn yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó hàn gbangba jù lọ ni àjọṣe: ẹni tó ṣì ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí àti àdúgbò, tí ènìyàn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ni ayé dùn mọ́ jù.

Ẹ lọ sí Ọjà'ba láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Ẹ ó rí ìyá arúgbó kan tó to ata ṣọ́ńbọ̀ wẹ́rẹ́ sórí ọpọ́n pẹrẹsẹ, òkìtì mẹ́ta péré. Bí ọwọ́ oòrùn bá dé, á sún ọpọ́n wọ abẹ́ òjìji. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, òkìtì kan lè ṣì kù. Àwọn ọmọ rẹ̀ á máa bínú: "Ìyá, èló lẹ fẹ́ rí níbẹ̀? A ó máa fún yín ní ìlọ́po rẹ̀, ẹ jókòó sílé." Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò tíì gbọ́ ọ yé. Ìyá tó jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, tó ń ta irú, ló ń lọ bá lọ́jà. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n ti jọ ń jókòó síbẹ̀. Wọ́n jọ dá àjọ, wọ́n jọ ra aṣọ ìgbéyàwó àwọn ọmọ, wọ́n jọ sọkún nígbà tí ọkọ èyí àti ọkọ ìyẹn kú. Bí ọ̀kan bá pẹ́ láti dé láàárọ̀, èkejì á rán ọmọdé lọ wò ó nílé. Ilé ìwòsàn wo ló ń ṣe irú ìyẹn? Ata ò ju tíkẹ́ẹ̀tì tí ìyá yín fi ń wọlé lọ.

Ọ̀rọ̀ ti wá dé ibi iṣẹ́ tí àwọn àgbà ń ṣe fún ìlú. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Kí la wá ń fi àkísà ọ̀hún ṣe? Ẹ jẹ́ ká rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìbàdàn, Isaac Babalọlá Akínyẹlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ìlú yìí, ó sì tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ta ló kọ́ ọ? Ẹnu àwọn àgbà ló ti gbọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ja ogun Kírìjì ṣì wà láàyè nígbà yẹn, torí 1893 ni ogun náà parí, àwọn tó rí i sójú ṣì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ní 1914, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú dá Ẹgbẹ́ Àgbà Ò Tán sílẹ̀ láti tọ́jú ìtàn àti àṣà, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Alexander, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, sì wà lára wọn. Ọmọkùnrin tó ń jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà yìí dàgbà títí, ó jọba ní 1955, ó di Olúbàdàn. Ìgbà tó fi máa wàjà ní 1964, àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá bi òun náà.

Kò sí àgbà kan tó lè dá ìtàn ìlú sọ tán. Bí ẹnìkan bá ń sọ ọ́, á fi ara rẹ̀ ṣe akọni ogun gbogbo. Ẹ fi ẹnìkejì rẹ̀ tì í, ogun náà á dín kù díẹ̀, òtítọ́ á sì pọ̀ sí i.

Ìbàdàn nìkan kọ́ ló ń bọlá fún àgbà nílẹ̀ Yorùbá, àmọ́ tiwa yàtọ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n bí sórí oyè Olúbàdàn. Ènìyàn á kọ́kọ́ jẹ mọ́gàjí ilé rẹ̀, á wá máa gun àkàsọ̀ oyè, ìgbésẹ̀ tó ju ogún lọ, bí àwọn tó wà níwájú bá ti ń lọ. Ọba Samuel Òdúlànà jọba ní 2007 nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ó sì wàjà ní 2016 ní ẹni ọdún 101. Ọba Rashidi Ládọjà tó gorí ìtẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 2025, láti 1993 ló ti ń gun àkàsọ̀ náà, ó sì ti ṣe gómìnà lójú ọ̀nà. Àwọn kan ń ṣàròyé pé àgbà ti ń pọ̀ jù lórí ìtẹ́, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ètò yìí ń ṣe fún àwọn ìjòyè náà: àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó nígbìmọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n jọ ń jà, wọ́n jọ ń parí ìjà, wọ́n jọ ń hewú. Ní ìlú wa, ẹni ọgọ́rin ọdún ṣì ní ipò kan níwájú tó ń wọ̀nà fún.

Ó ti yá báyìí, ẹ̀yin ọmọ. Kí la ń ṣe fún àwọn òbí wa? Ọlọ́run bù kún ọmọ, ó kọ́lé sí Akóbọ̀ tàbí sí Olúyọ̀lé Estate. Ilé náà rẹwà, omi ń yọ, ẹ̀rọ amúlétutù wà. Ọmọ wá lọ gbé bàbá kúrò ní Bẹ́yẹrúnkà. Ó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá sí i ní yàrá, ó gba ọmọdébìnrin tó ń se oúnjẹ fún un. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé, "Bàbá ti yí padà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń bi mí ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta." Ta ni kó máa bá sọ̀rọ̀? Ọmọdébìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn tí Ògùnpa ti yalé tán ni yóò bá sọ̀rọ̀ Adélabú? Àwọn ìyá wa tí a gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ tọ́ ọmọ jòjòló, tí oṣù mẹ́ta sì di ọdún mẹ́ta, ẹjọ́ wọn kò yàtọ̀ síyẹn.

Ẹ gbọ́ o, mi ò sọ pé kí wọ́n máa jìyà. Mo mọ bí àárín ìlú ṣe rí. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ni mọ́tò ò lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí àìsàn bá dé lóru, ẹ̀yìn ni wọn ó fi gbé aláìsàn dé títì. Gọ́tà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé gbígbé kúrò nìkan ni ọ̀nà? Owó tẹ́ ẹ fi ra ẹ̀rọ amúlétutù lè tún ilé ìyàgbẹ́ ilé bàbá ṣe, kó sì kan páànù tuntun. Bó bá sì di dandan kó kúrò níbẹ̀, ẹ bi í kẹ́ ẹ tó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ẹ bi í pé: "Bàbá, ta lẹ máa fẹ́ máa rí?" Tó bá dárúkọ ẹnìkan, ẹ jẹ́ kí mọ́tò lọ gbé ẹni náà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, tàbí kó gbé bàbá lọ bá a.

Àwọn tí ẹgbẹ́ wọn ti tán lókè eèpẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè yìí le, mi ò sì ní ìdáhùn tó dùn sí i. Ẹni tó bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ta ló kù tó máa pè é ní "ìwọ"? Ohun tí mo ti rí tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni ọmọ ọ̀rẹ́. Ọmọ tó ti gbọ́ ìtàn ẹja yẹn lẹ́nu bàbá tirẹ̀ títí ó fi há a sórí, òun nìkan ló kù tó lè sọ fún bàbá yín pé, "Bàbá mi ní irọ́ lẹ̀ ń pa o, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹja yẹn." Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń yọjú, ẹ má lé e. Ẹ wá àga fún un.

Ẹ̀yin tí fóònù yín ń gba ohùn sílẹ̀, mo níṣẹ́ kan fún yín. Ẹ má jẹ́ kí bàbá dá nìkan sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí méjì jókòó. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ tí àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ya wọ Mápó ní 1968. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń ta àmàlà nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ gbé ẹnu yín kúrò níbẹ̀. Ìjà tí wọ́n máa bá ara wọn jà gan-an lẹ wá gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tó jẹ́ pé Sátidé nìkan lẹ ń pe bàbá, tẹ́ ẹ sì ń bi í bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀: ẹ ṣeun. Àmọ́ nọ́ńbà ọ̀rẹ́ bàbá ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi pamọ́ sórí fóònù rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fi káàdì ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì.